Fọ́tò Tí Alága Rán Ṣáájú Ara Rẹ̀

Bí wọ́n bá ń fi ikọ́ jẹ oyè ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Fádípẹ̀ ì bá ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn o. Ikọ́ ipò ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe Alága Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Òkè-Ìrókò ni ó ti pàṣẹ pé bí òun bá wúkọ́ níbi tí èèyàn bá pé sí, kí gbogbo ìjókòó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tún un wú. Ìpàdé kan wà lọ́dún 1955 tí wọn kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀ ju ikọ́ àti pẹ̀lẹ́ lọ, akọ̀wé sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pátápátá.

Òfin Alága kò mọ síbẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́tà tí òun bá kọ, àfi níwájú Ìgbìmọ̀ tó jókòó pé. Ó tún ní Ìgbìmọ̀ kò lè jókòó pé láìjẹ́ pé Alága wà lórí àga. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ fi òfin méjèèjì sápò, a óò padà wá béèrè wọn lọ́wọ́ yín.

Ẹni tí àwọn òfin wọ̀nyí ń dùn jù ni Ọ̀gá Ọláwuyì, ọ̀gá ilé-ìwé náà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń bẹ ewúrẹ́ kó tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́dún tó ṣáájú, ó ṣí lẹ́tà Alága kan nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó kánjú. Alága mú un dúró níwájú àwọn ọmọ Ìwé Kìíní fún odidi wákàtí kan, ó ní kí wọ́n wo bí aláìgbọràn ṣe ń rí. Ọ̀gá kò jà. Ó dúró, ó ń ka igi àjà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1956, àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Ìlá, Ọ̀rà, Ire àti Ìgbájọ pàdé ní Ìgbájọ láti fi ìṣirò orí díje. Nígbà tó ku ìbéèrè kan ṣoṣo, Ìlá àti Ìgbájọ wà ní ọgbọọgba. Ọkùnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ní, "Télọ̀ kan ra aṣọ ogójì ọ̀pá. Ọ̀pá méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni bùbá kan ń gbà. Bùbá mélòó ni yóò rán, kí ni yóò sì ṣẹ́kù?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí Sàrátù, ọmọ Jímọ̀ télọ̀, fi dìde. "Bùbá mẹ́rìnlá, sà. Ọ̀pá kan àbọ̀ ló kù. Kí wọ́n má jù ú nù, ó tó bùbá ọmọdé."

Wọ́n gbé ife fàdákà fún un, òun náà sì gbé e sórí itan rẹ̀ nínú lọ́rì láti Ìgbájọ dé Ìlá. Alága kò bá wọn lọ, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ṣùgbọ́n bí lọ́rì ṣe wọ ìlú ni ẹsẹ̀ náà san. Ó gba ife lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e lọ sí pálọ̀ ara rẹ̀, láti ọjọ́ kejì ló sì ti ń fi mu ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ pé, ó dìde, ó fa agbádá sókè léjìká ọ̀tún, ó fà á sókè léjìká òsì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ta ló gba ife yìí? Èmi ni. Ọmọdé ló la ẹnu, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ta ló gba ibẹ̀ jáde? Mo jókòó sílé níbí, mo ń ronú kíkankíkan, ìrònú mi sì gun òkè, ó sọ òkè, títí ó fi bá ọmọ náà ní Ìgbájọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni orí fi fọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀. Ìlá kò ní irú mi rí. N kò sì rò pé ẹ óò tún rí òmíràn."

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú Ìgbìmọ̀, Ìyáàfin Esther Bọ́láwùmí, agbẹ̀bí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìdajì àwọn ọmọ ilé-ìwé náà sáyé. Ó ní, "Alága, orúkọ ọmọ tó dáhùn ìbéèrè ọ̀hún ńkọ́? Ṣé a ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

Alága wúkọ́. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìpàdé sì tú ká.

Nítorí ife yìí ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní Ìbàdàn ṣe fi nǹkan méjì ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn, tí yóò bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Èkíní ni àpótí ìwé kíkà kan, fún ọmọ méjìlá tó ṣe dáadáa jù. Èkejì ni fọ́ọ̀mù kan. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú fọ́ọ̀mù yìí yóò fi ọdún mẹ́rin kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́fẹ̀ẹ́.

Jímọ̀ télọ̀ wá bá Ọ̀gá Ọláwuyì ní ilé-ìwé, ó yọ fìlà. "Ọ̀gá, n kò wá ṣàrọwà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni. Bí fọ́ọ̀mù yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí kò bá bọ́ sí i, lẹ́yìn ọdún, Ọ̀rà ló ń lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta iyọ̀. N kò lágbára kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Ọ̀gá kò lè wo ojú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Alága ti ránṣẹ́ pè é. "Ọláwuyì, o ò gbọdọ̀ fi yíǹkì kan fọ́ọ̀mù yẹn. Mò ń lọ sí Ìbàdàn. Màá fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí ọ nínú lẹ́tà." Gbogbo ìlú ló mọ orúkọ tí yóò wá. Dáníẹ́lì ni, ọmọ àbúrò Alága, tó ṣe ipò kẹrìndínlọ́gbọ̀n nínú ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n wà lórí àkéte àìsàn nígbà ìdánwò.

Ní ti àpótí ìwé, Alága ti wò ó, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí orúkọ òun nínú ìwé kankan níbẹ̀. Ó ní ìwé a máa gbó, eku a sì máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní fọ́tò Alága lára ògiri kò ní ṣìnà láyé. Ó ti àpótí náà sábẹ́ àga rẹ̀, ó fi ṣe ìtìsẹ̀, ó sì mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n láti lọ ya fọ́tò tí àwọn ọmọ yóò gbà dípò ìwé.

Ẹ bá mi wò ó ní ilé ayàwòrán. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òkè ọ̀run. Ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní Alága kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ kéékèèké méjìlá, wọ́n sì tẹ ńlá kan tó ga dé àyà èèyàn. Ó yan férémù igi dúdú fún ti ńlá nítorí òun ló wọ́n jù. Ó ní kí wọ́n so rìbọ́nì funfun mọ́ igun rẹ̀. Ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gàdàgbà pé: HEZEKIAH FÁDÍPẸ̀, BABA Ẹ̀KỌ́, ALÁÀÁNÚ ỌMỌ ALÁÌNÍ, ONÍRẸ̀LẸ̀ ỌKÀN. IṢẸ́ RẸ̀ KÒ NÍ PARUN.

Agbádá tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìpín-ẹ̀bùn kò tíì kúrò lọ́wọ́ oníṣọ̀nà, ó sì ní láti dúró dè é. Nígbà náà ni èrò ńlá kan sọ sí i lọ́kàn. Kí ló dé tí ìlú yóò fi kí òun lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n lè kí òun lẹ́ẹ̀mejì? Ó fi aṣọ funfun wé fọ́tò ńlá náà kí eruku má bà á jẹ́. Ó kọ lẹ́tà, ó rán ẹnì kan kó gbé méjèèjì lọ sí gáréèjì, kí wọ́n fi lọ́rì tó ń lọ sí Ìlá gbé wọn. Fọ́tò yóò dé lọ́jọ́ Jímọ̀, òun yóò dé lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi àti ẹ̀yin mọ ohun tí fọ́tò ńlá nínú férémù dúdú, tí a fi aṣọ funfun wé, tó dá wọ lọ́rì wálé láìsí olówó rẹ̀, túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Alága nìkan ni kò mọ̀. Ó ti lọ síbi òkú púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ ló máa ń kọjú sí.

Àlàó, awakọ̀ lọ́rì náà, tú aṣọ wò ní Òṣogbo bóyá gíláàsì ti fọ́. Láti ibẹ̀ ni kò ti fọn fèrè mọ́. Jẹ́jẹ́ ló wa ọkọ̀ wọ ọgbà ilé-ìwé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ó yọ fìlà, òun àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ gbé fọ́tò náà sọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ọ̀gá Ọláwuyì wo fọ́tò. Ó wo rìbọ́nì. Ó ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó sì rò ó pé kò sí alààyè tí í kọ irú èyí nípa ara rẹ̀. "Ṣé ẹ fojú kàn án níbẹ̀?" ó bi í.

"Rárá o. Ẹnì kan ló gbé e fún mi ní gáréèjì. Ó ní kí n rọra, pé Alága ni. Ó fún mi ní èyí náà." Àlàó mú lẹ́tà kan jáde. Ìkọ̀wé Alága ni, gbàgàdà gbàgàdà, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó kánjú.

Kí a tó ṣẹ́jú, ariwo ti dé ilé Alága. Ìyá Fọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, sunkún tọkàntọkàn, nítorí ọkọ ẹni ni ọkọ ẹni. Àwọn ẹbí rán ẹnì kan sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó lọ béèrè òkú. Ibi kan lẹ́yìn Ìkìrun ni ọkọ̀ rẹ̀ ti pàdé ti Alága. Alága rí i, ó juwọ́ sí i, ó rò pé èyí ti ń wá pàdé òun. Kí ẹni náà tó rójú rẹ̀ dáadáa, eruku ti bo ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Ìyáàfin Esther bá Ọ̀gá Ọláwuyì ní ọ́fíìsì, níbi tí Ọ̀gá dá jókòó ti fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà.

"Kí nìyẹn?" ni Ìyáàfin Esther béèrè.

"Lẹ́tà Alága ni, mà."

"Ṣé Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí rẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ṣé Ìgbìmọ̀ lè jókòó láìsí Alága?"

"Òfin ní rárá, mà."

Ìyáàfin Esther wo lẹ́tà náà, ó sì tẹ̀ síwájú wo fọ́ọ̀mù. "Bí Alága ò bá sí, ta ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí èyí?"

Ọ̀gá fi ìka tọ ìlà tó kẹ́yìn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ó mú lẹ́tà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó rántí wákàtí kan níwájú àwọn ọmọ Ìwé Kìíní. Ó rántí iyọ̀ tí Sàrátù yóò máa wọ̀n ní Ọ̀rà. Lẹ́yìn náà ó ti lẹ́tà náà bọ àpò láìṣí i, nítorí òfin ni òfin, ó sì ki gègé bọ yíǹkì. Ó kọ orúkọ Sàrátù, ó sì hàn ketekete.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Alága láti lọ kí opó, Ìyá Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí ife àti àpótí ìwé. "Ẹ bá mi kó wọn kúrò níbẹ̀," ó ní. "Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fẹsẹ̀ kọ àpótí yẹn."

Àwọn àgbà ní ọjọ́ ọmọdé kò ṣeé yẹ̀, kí wọ́n pín ẹ̀bùn, kí wọ́n sì fi bu ọlá fún olóògbé. Ní Sátidé, wọ́n gbé fọ́tò lé àga Alága gan-an. Alábẹ̀wò ilé-ìwé dé láti Òṣogbo, ọkùnrin tó gbọ́ ìròyìn Alága rí ṣùgbọ́n tí kò rí i sójú. Ó ní ilé-ìwé kò gbọdọ̀ parí ọdún láìní alága. Àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ fi Ìyáàfin Esther sípò, alábẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, ó pe Sàrátù jáde, ó gbé ife fàdákà fún un níwájú gbogbo ayé. Jímọ̀ télọ̀ da ojú bolẹ̀, ó ń fi etí agbádá nu ojú. Inú Ọ̀gá Ọláwuyì dùn débi pé ó ní láti wo fọ́tò olóògbé kó tó lè fajú ro.

Àkókò yìí gan-an ni ọkọ̀ Alága dé etí pápá.

Alága rí èrò. Ó rí i tí ojú àwọn kan pọ́n fún ẹkún. Ó ní ayọ̀ ni, ayọ̀ ti pọ̀ jù fún wọn. Ó wọ agbádá tuntun, ó gbé páálí fọ́tò kéékèèké mọ́ abíyá, ó sì rọra lọ dúró sẹ́yìn igi máńgòrò, kó lè gbọ́ díẹ̀ nínú oríire ara rẹ̀ kó tó yọ sí wọn.

Ohùn alábẹ̀wò ló gbọ́. "Bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa, kí ẹnì kan dìde, kó sọ oore kan tí olóògbé ṣe."

Alága ṣí fìlà fún olóògbé, ẹni yòówù kó jẹ́. Ẹnì kan wo ẹnì kejì. Ìyá arúgbó kan la ẹnu, ó tún pa á dé. Nígbà tó pẹ́, Jímọ̀ télọ̀ dìde nítorí pé ìtìjú ń mú un fún òkú. "Ìnnà lílàhì," ó ní. "Ká má purọ́, kò pẹ́ dé ibi oúnjẹ rí." Ó jókòó. Kò sí ẹlòmíràn tó dìde.

Àánú olóògbé ṣe Alága lẹ́yìn igi. Irú èèyàn wo lèyí, ó rò nínú ara rẹ̀, tó gbé láàárín ọmọ aráyé, tí ẹnu kan kò rí rere sọ nípa rẹ̀? Ó na ọrùn láti mọ ilé tí irú òkú bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ó sì rí ojú ara rẹ̀ lórí àga, tó ń wo òkè ọ̀run.

Ó wúkọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni gbogbo pápá dáhùn.

Wọ́n tún dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ti mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dáhùn ẹ̀kẹta, wọ́n yíjú, wọ́n rí i nínú agbádá funfun lábẹ́ igi. Ẹ ò rí eré rí. Akọ̀wé gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì, ó sì tún gba ojú fèrèsé kejì jáde. Kí eruku tó bolẹ̀, ó ku ẹni mẹ́rin ní pápá: alábẹ̀wò, tó kẹ́yìn sí fọ́tò tí kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń sá fún; Ìyáàfin Esther, tí òkú àti alààyè ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò sì bẹ̀rù ọ̀kan nínú wọn; Ọ̀gá Ọláwuyì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀; àti Sàrátù, tí kò lè sáré pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Ta nìyí?" ni alábẹ̀wò béèrè.

"Èmi ni Alága," ni Fádípẹ̀ wí.

"Alága ti jókòó, bàbá," alábẹ̀wò sì na ọwọ́ sí Ìyáàfin Esther.

Fádípẹ̀ kọjú sí Ọ̀gá Ọláwuyì. "Ọláwuyì, lẹ́tà mi dà?"

Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú un jáde, èdìdì rẹ̀ kò já. "Ó wà níbí, sà. Ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó lórí rẹ̀ ni."

"Ìgbìmọ̀ ti jókòó báyìí," ni Ìyáàfin Esther wí. "Alága wà lórí àga." Ó gba lẹ́tà, ó já a, ó sì kà á sókè ketekete, bí àwọn èèyàn ti ń padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́tà náà ní kí gbogbo ìlú jáde wá kí fọ́tò. Ó ní kí àwọn ọmọ tó gba ẹ̀bùn gba fọ́tò kékeré dípò ìwé. Ó ní, "Dáníẹ́lì ni kí o kọ sínú fọ́ọ̀mù, ọmọ télọ̀ lè máa bá bàbá rẹ̀ ka bọ́tìnnì." Ó sì parí rẹ̀ pé, "Fọ́tò ńlá yìí àti férémù rẹ̀, mo fi wọ́n jin ilé-ìwé títí láé."

Alábẹ̀wò gba lẹ́tà, ó ká a, ó fi í sínú ìwé rẹ̀. "Bàbá," ó ní, "bí ẹ bá ti kú ni, ọ̀rọ̀ yín ì bá rọrùn. A máa ń forí ji òkú." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì pa nǹkan kan rẹ́ nínú ohun tó ti kọ.

Fádípẹ̀ wo èrò tó ti padà yí pápá ká. Ó wúkọ́. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún wú òmíràn, tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà náà ni Sàrátù gbé ife sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí ní omi lé sí ọkùnrin náà lójú. Ó dọ́gbẹ́ sí i lọ́kàn ju gbogbo ohun tí alábẹ̀wò sọ lọ, ó sì gbé páálí rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé. Ìyá Fọlákẹ́ gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó gbé ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà kọ́ sí ògiri. Ó ní òun ti sunkún sí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ọdún, Fádípẹ̀ pàdé Ọ̀gá Ọláwuyì lọ́nà oko. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí lẹ́tà yẹn wà lápò yín, ǹjẹ́ ọkàn yín ò sọ fún yín pé mo wà láàyè?"

Ọ̀gá dáhùn. "Ọkàn mi lè sọ ohun tó bá fẹ́, sà. Ṣùgbọ́n èmi kì í rú òfin."

Sàrátù ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Férémù igi dúdú ṣì wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé, níwọ̀n bí olówó rẹ̀ ti fi í jin wọ́n títí láé. Ìwé ńlá kan ló wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀ báyìí, tí Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: Sàrátù Jímọ̀, ìṣirò orí, 1956. Ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Fọ́tò Fádípẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Wọn kò yọ ọ́, nítorí ìwé náà fẹ́lẹ́, fọ́tò ni kò sì jẹ́ kó máa mì.